Ìhágún Ìyá Aládàkọ àti Iye Tó Yẹ Àwọn Mọ́tò Rẹ̀

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà lábẹ́ òǹtẹ̀ lọ́yà lẹ́yìn ìwé yìí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Aládàkọ, opó Ọ̀gá Fáíbà tó máa ń fi fáíbà mọ ara mọ́tò, èmi oníṣòwò mọ́tò, ni mo ń sọ èyí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń rí ọ̀dà tó ti wú lára mọ́tò láti òdìkejì títì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó rọ mí lọ́tí yó. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi nu gíláàsì.

Àkọ́bí mi obìnrin àti àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní òdìkejì títì. Àkọ́bí mi ni alámójútó ogún mi, òun pẹ̀lú lọ́yà tó ń kọ èyí sílẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ní kí n dín ọ̀rọ̀ kù. N kò ní dín in kù.

1. Ilé tí a ń gbé: kí àkọ́bí mi mú òkè, kí àbígbẹ̀yìn mi mú ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àkọ́bí mi máa ń rìn bí ẹni tó ń fi gìgísẹ̀ kan ìṣó. Kí àbígbẹ̀yìn mi tètè fi òwú di etí, kó má wá sunkún lójú oorì mi.

2. Ṣọ́ọ̀bù àti àwọn mọ́tò eré ìje tó wà nínú rẹ̀, tí a wo ti ilé iṣẹ́ ńlá ṣe: ti ẹ̀yin méjèèjì ni, ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n lára gíláàsì iwájú mọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ÀDÀKỌ NI. Ẹni tí kò bá fara mọ́ èyí, kó gbàgbé ìpín tirẹ̀.

Bí a ṣe ń díye lé e nìyí, nítorí ẹ̀yin méjèèjì kò gbọ́ rí nígbà tí mo ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ má ṣe fi iye ojúlówó ṣe òṣùwọ̀n. Ojúlówó ń gbówó lórí nítorí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tiwa ń gbówó lórí nítorí ọwọ́ tó ṣe é. Ẹ wo ilẹ̀kùn, bóyá ó ń padé láìjẹ́ pé ènìyàn gbá a bí ẹni ń jà. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ ti táksí, ẹ sọ pé ti táksí ni. Kí ìwé rẹ̀ náà sọ òótọ́, torí ẹni tó rà á lónìí yóò fẹ́ tà á lọ́jọ́ mìíràn, bí ìwé bá sì purọ́, ọlọ́pàá ló máa bá a dúnàádúrà. Èyí tí wọ́n kàn so pọ̀ wúruwùru, ìdajì owó rẹ̀ ti jábọ́ kí onítọ̀hún tó délé. Èyí tí Ọ̀gá Fáíbà ṣe kì í wálẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, ọjà òun á túbọ̀ wọ́n. Ó kú, ọjà sì wọ́n lóòótọ́. Inú mi kò dùn sí èrè náà.

3. Mọ́tò pupa tí mo ń gùn fúnra mi: ti àbígbẹ̀yìn mi ni, kò sì gbọ́dọ̀ tà á nígbà tí inú bá ń bí i.

Inú mọ́tò yẹn ni mo ti pàdé bàbá yín. Mọ́tò àlòkù lásán ni mò ń tà nígbà náà. Ó wà á wá, ó ní kí n rà á. Mo fi ìka kan án, mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, abọ́ ìfọṣọ tí ẹ kùn lọ́dà pupa nìyí.” Ó ní, “Ẹ wọnú abọ́ náà, ká jọ lọ.” A lọ, a bọ̀. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi kọ̀, kò ṣí. Ó ń tú u, ó ń bẹ̀ mí, ó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún mi láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí nígbẹ̀yìn, n kò tètè sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo irinṣẹ́ bàbá yín: ti àkọ́bí mi ni. Ẹnu lè ya àwọn kan, torí ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí i lọ́jọ́ ìsinmi tó ń fi pépà oníyanrìn ha ara mọ́tò, tó ń kọrin.

4. Fún àbúrò mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Ẹnu-Dùn, mo fi mọ́tò aláwọ̀ ewé tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ òwò àdàkọ. Èmi ń díye lé ọjà, òun ń tà á. Lọ́jọ́ kan, dókítà eléyín kan wọlé, ó ń wá mọ́tò tí yóò máa fi gbafẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ó ń fọwọ́ pa mọ́tò aláwọ̀ aró kan lórí bí ọmọ. Ó ní, “Ojúlówó nìyí, àbí?” Àbúrò mi kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pe iye ojúlówó. Mo gbọ́ ọ láti inú ọ́fíìsì, mo sì jáde.

Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì táksí ló wà níbẹ̀. Àdàkọ ni, ọkọ mi ló ṣe é. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí ẹ gbọ́ yẹn.”

Dókítà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní eyín tí òun ti ń tò sí àwọn ènìyàn lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, àdàkọ náà ni, wọ́n sì ń fi í jẹran. Ó ra mọ́tò náà ní iye tí mo pè.

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dójú tì mí níwájú oníbàárà.” Mo ní, “Ìwọ lo dójú ti ọkọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lo fẹ́ sọ di ayédèrú.” Ó mú fìlà rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìfọṣọ. Láti ìgbà náà, a kì í kí ara wa. Bí mo bá ń gbálẹ̀ níwájú, á kọjú sí ògiri.

Síbẹ̀, àwọn oníbàárà a máa wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n á ní, “Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ ló júwe yín fún wa. Ó ní ẹ kò mọ irọ́ pa, pé ìdí nìyẹn tí bàtà yín fi gbó.” N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mọ́tò yẹn ni ọpẹ́ náà.

5. Ológbò tó ń sùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá tẹ̀ lé ni kó mú un. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà láyé.

ÀFIKÚN, tí a kọ lọ́sàn-án kan náà.

Ó ku ẹlẹ́rìí kan. Lọ́yà ní kí aránṣọ tó ń rán ìjókòó mọ́tò wa, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, lọ pe àgbàlagbà tó bá wà nítòsí. Ó sọdá títì, ó sì mú àbúrò mi wá. Lọ́yà ka ìwé náà sókè sí wa létí. Nígbà tó dé orí kẹrin, àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó na ọwọ́ gba bírò.

Lọ́yà ní, “Bàbá, ẹ dúró ná. Ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí kò lè jogún nínú ìwé yìí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, mọ́tò ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn.”

Ó ní, “Ẹ má wá ẹnì kankan. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo fẹ́ jẹ́rìí sí i.” Ó wá yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán.”

Mo ní, “Kú ọ̀sán, àbúrò mi.”

Nítorí náà, ogún orí kẹrin kò sí mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Mo ta mọ́tò aláwọ̀ ewé fún àbúrò mi lójú ayé mi. Ó yí i po, ó ní rọ́bà ilẹ̀kùn ti gbó, ọ̀dà ẹ̀yìn ti ń ṣí, ẹ́ńjìnnì ń húkọ́, àti pé kí n rántí pé àdàkọ ni, kí n má gbówó lé e. Irú ìnájà bẹ́ẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́yà fi bu omi fún mi. A fẹnu kò sí iye tó yẹ ẹ́ gan-an, ó sì san án.

Ó ti wà á sọdá títì báyìí, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti wá fọwọ́ síwèé.

Ìfọwọ́sí: Ìyá Aládàkọ
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Ẹlẹ́rìí kìíní: Aránṣọ ìjókòó mọ́tò
Ẹlẹ́rìí kejì: Ẹnu-Dùn, àbúrò rẹ̀