Orí Tó Ní Orúkọ Ni Màmá Ń Dì: Ìgbésí Ayé Màmá Juliana Ọmọ́tóyọ̀sí Akínfẹ́nwá, Onídìrí Agboju (1951–2025)

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1951, nígbà tí àgbàdo tuntun pọ̀ lórí àtẹ, ni a bí Màmá Juliana Ọmọ́tóyọ̀sí ní ìlú Ìrágbìjí. Bàbá wọn ni olóògbé Gbádébọ̀, àgbẹ̀ tí ó tún máa ń lu agogo ìjọ. Ìyá wọn ni olóògbé Ìkẹ́, onídìrí tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń ti ìlú mìíràn wá bá kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.

A kò fi Màmá sí ilé-ìwé. Àwọn ọkùnrin ilé ni a rán lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Màmá kò kẹ́kọ̀ọ́. Orí ènìyàn ni síléètì wọn, òòyà ni gègé wọn. Kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n ti lè di ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi wo ojú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wọn sì kọ́ wọn ní ohun kan tí ó ju dídì lọ. Kí onídìrí tó mú òòyà, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí oníbàárà, yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò béèrè bí ó ṣe jí. Orí tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, a kì í dì í. Màmá kò fi àṣà yìí sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọdún 1974, Màmá fẹ́ olóògbé Richard Akínfẹ́nwá, káfíńtà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ̀lé ọkọ wọn wá sí Èkó, níbi tí Bàbá ti ń kan ilẹ̀kùn sí àwọn ilé tí ìjọba ń kọ́ de àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Àlejò wá, àlejò lọ, Màmá àti Bàbá kò lọ. Ní Festac níbí ni wọ́n ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1999.

Ní ọdún 1978 ni Màmá gbé àga sílẹ̀ ní ọjà Agboju. Wọ́n rí ìgbà tí wíìgì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti ọjà Trade Fair bí omi. Àwọn ènìyàn ní irun dídì ti kú. Màmá ní kí wọ́n fi òkú rẹ̀ han òun. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n dá àrà tí wọ́n pè ní Oríta Mile 2. Ìlà méjìlá yóò ti ìpàkó, etí àti iwájú orí wá, wọn yóò pàdé láàárín, wọn yóò yí ara wọn po, ọ̀kan kò sì ní gun èkejì. Màmá máa ń ní oríta tiwọn kò nílò ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kọ́. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti ọdún 1986 ni Màmá ti wà nínú ìjọ wa. Nígbà kan, arábìnrin kan dìde nínú ìpàdé, ó ní irun dídì jẹ́ irun abọ̀rìṣà. Màmá dáhùn pé, “Ọlọ́run tó ń ka irun orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé kò mọ ẹni tó ń dì í ni?” Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìyàwó pásítọ̀ dé pẹ̀lú kòlẹ́sẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ kan tí ó ń fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn tó gbé àṣà àti iṣẹ́ ọnà agbègbè yìí ga lọ́lá kọ lẹ́tà pé Màmá wà lára àwọn tí a yàn. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé kò wù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí a ka lẹ́tà náà fún àwọn, nítorí lẹ́tà náà ni ó kọ́kọ́ pè wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà. Wọ́n ra aṣọ, wọ́n rán an.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Sùrájù, wá sí Agboju pẹ̀lú orí rọ́bà méjì nínú ọ̀rá. Ó ní iṣẹ́ gbogbo ẹni tí a yàn gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí gíláàsì fún oṣù mẹ́ta kí àwọn èèyàn lè wá wò ó.

“Màmá, ẹ kàn di ṣùkú sí ọ̀kan, ẹ di Oríta Mile 2 sí ìkejì. Ó tán.”

Màmá gba ọ̀kan, wọ́n yí i wò. “Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Kò lórúkọ o, Màmá. Rọ́bà ni.”

“Tó bá dùn ún, ta ló máa pariwo?”

Bukky, oníbàárà tó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ Màmá pẹ̀lú ìlàjì orí tí a ti dì, ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tò sẹ́yìn mi o. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé.”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Sùrájù kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ yín kì í tọ́jọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti tú u. Kí làwọn èèyàn fẹ́ wá wò?”

“Ọmọ mi, oúnjẹ tí ìyá ẹ fi tọ́ ẹ dàgbà, inú gíláàsì wo ló wà? Gbé orí ẹ lọ. Ẹ wá wo iṣẹ́ mi lórí ẹni tó ni ín, tàbí kẹ́ ẹ má wò ó.”

Ìgbìmọ̀ náà yọ orúkọ Màmá. Ọláńrewájú, àkọ́bí wọn, bẹ̀ wọ́n: “Màmá, wákàtí mélòó ni? Ta ló máa mọ̀?” Màmá ní, “Ọwọ́ mi máa mọ̀.” Ó dùn wọ́n; a rí i lójú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ náà, Màmá wọ aṣọ tuntun yẹn lọ sí Agboju, wọ́n sì fi dirí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé pé àwọn yóò gbé àmì-ẹ̀yẹ wá fún ẹbí nílé. A dá wọn lóhùn pé a kò ní gbà á nílé. Kí wọ́n wá sí ibi ìsìnkú, kí wọ́n dúró níwájú gbogbo ìjọ, kí wọ́n sọ ọ́ sókè pé ọnà ni irun dídì. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, kí wọ́n gbé e padà.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Ọláńrewájú, Ayọ̀olúwa àti Ìyìn, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Adéyọ̀sọ́lá, tí ó jókòó sórí àga Màmá báyìí ní Agboju, ni aṣáájú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà.

Ẹbí bẹ gbogbo obìnrin tí Màmá tàbí ọmọ iṣẹ́ wọn di irun fún: ẹ má wé gèlè lónìí. Pásítọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹ jókòó síwájú, ẹ gbé orí sókè, ẹ jẹ́ kí àwọn àlejò láti ìgbìmọ̀ náà, bí wọ́n bá wá, wò yín tẹ́rùn.

Ọmọ́tóyọ̀sí, ọmọ Ìkẹ́, ẹ sinmi nínú Olúwa. Ọwọ́ yín ti ṣiṣẹ́ tó. Ọnà ni, àwa tó kù kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní nǹkan mìíràn.