Ẹnu Tí Wọ́n Ní Kí N Pa Dé

Àjàṣẹ́, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú débi pé ojú kan ò fẹ́ là mọ́. Itọ́ mi ń rùn, èmi fúnra mi ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí dókítà yọ eyín ẹ̀yìn yẹn lọ́jọ́ Ajé, ó kìlọ̀ fún mi. Kí n pa ẹnu dé, kí orín má kan ojú ọgbẹ́, kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu jẹ́ẹ́, kí n sì lo oògùn tán. Mo ṣe gbogbo rẹ̀.

Àfi àárọ̀ àná. A tò sábẹ́ àsíá ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, àwọn ọmọ ń kígbe ìyìn ìjọba, délégé, aṣojú tí ìjọba ológun rán sí wa, wá dúró síwájú mi gan-an. Ó ní, "Kamaradi olùkọ́, ẹni tó bá pa ẹnu dé níbí, ọ̀tá wa ni." Mo yanu, mo kígbe pẹ̀lú àwọn ọmọ. Eruku wọ ẹnu mi, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Lónìí dókítà rí ọyún níbẹ̀, inú bí i. "Kí lẹ fi kàn án?" Èrò kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́; ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lọ sọ fún délégé. Ìyàwó mi tó sìn mí wá yára dáhùn: "Ẹ má bínú, dókítà. Orín ló rún. Olórí kunkun ni."

Dókítà bá mi wí bí ọmọdé. Mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi yọ orín mi lára ògiri, ó ṣẹ́ ẹ, ó sọ ọ́ sínú iná níta, níbi tí àwọn aládùúgbò ti lè rí i.

Lọ́la, a ó tún tò sábẹ́ àsíá.