Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Àwo Ahọ́n-Abẹ

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí yín tọkàntọkàn, mo sì ń gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kí orúnkún tó ń dùn yín ti jẹ́ kí ẹ gbádùn, kí oorun máa dùn mọ́ yín lójú. Bó bá jẹ́ ìdúró lẹ wà tí ẹ ti ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àga kan mọ́ra. Mi ò fẹ́ kí ẹ ka èyí lórí ìdúró.

Ní tiwa, a wà pa. Màmá, ìgbéyàwó mà dùn o! Ẹ̀yin àgbà ló mọ̀ tí ẹ sì fi pa mọ́ fún wa. Ọkọ mi a máa kọrin bó bá ń fọ eyín, ọṣẹ kò ní jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó ń wí, síbẹ̀ èmi á máa gbè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, yàrá wa wà lókè. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ gbà, gbà, ó mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè mí ní Ìyàwó Ẹnjiníà. Bí mo bá pọn omi kọjá, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ẹ rọra tẹlẹ̀ o, ilẹ̀ àdúgbò yìí ò rí irú yín rí." Mo ti sanra. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa tún fóònù ṣe, kó sì máa fi orin sínú fóònù fún àwọn èèyàn. Nítorí náà, bí olórin kan bá gbé àwo jáde, ìsàlẹ̀ ilé wa ni ìjà ti ń kọ́kọ́ bẹ́. Lóṣù tó kọjá, olórin ráàpù kan tí wọ́n ń pè ní Ahọ́n-Abẹ gbé àwo tuntun jáde. Kì í ṣe ẹyọ kan o, méjì ló so pọ̀ bí ìbejì. Èkíní ń jẹ́ Ilé Kún, èkejì ń jẹ́ Ilé Dákẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti kọrin kẹ́yìn, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé abẹ náà ti kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò kú rárá. Gbogbo ayé ló ń jó sí Ilé Kún. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú. Ìyá onídìrí tó múlé tì wá ní orin náà ń mú ọwọ́ òun yá jù, pé òun ti di irun oníbàárà kan tán kó tó sọ irú èyí tó fẹ́. Ṣùgbọ́n Ilé Dákẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ kí omi máa kán, kí ayùn máa gé igi níbi tó jìnnà, Ahọ́n-Abẹ á wá máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan tó ń sùn.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ takisí kan ní kí ọkọ mi yọ èkejì kúrò nínú fóònù òun kíákíá, pé gbogbo irun ara òun ń dìde bí òun bá ń wakọ̀. Onítáyà dá a lóhùn láti ọ̀ọ́kán pé, "Ìwọ lo ò mọ orin! Ẹni tó bá gbọ́ Ilé Dákẹ́ tí kò sunkún, òkúta ni." Onítakisí ní, "Ṣé omijé ni kí n máa fi wakọ̀? Kí èrò mi máa fi gèlè nu ojú fún mi?" Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àwo méjì ti pọ̀ jù, pé ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá onídìrí ló wá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá gbọ́ èkíní tó sá fún èkejì, ó wá síbi àríyá ni, kò dúró bá wọn palẹ̀ mọ́." Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ìgò ojú rẹ̀ fi jábọ́.

Ohun tó wá sọ gbogbo wọn di ọ̀kan ni ibì kan láàárín Ilé Dákẹ́. Orin á ṣàdédé dúró. Nǹkan líle á gbá ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin kan á wá ti ìta pè pé, "Kékeré! Ṣílẹ̀kùn fún mi o. Èmi ni." Ó tán. Gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí Ahọ́n-Abẹ tó tún lanu. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di eré. Níbikíbi tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ni wọ́n máa ń pariwo pé, "Ó ti ṣí!" Onítáyà lọ wo Ahọ́n-Abẹ nígbà tó kọ ọ́ lójúkojú, ó ní gbogbo gbọ̀ngàn ló jọ ké e, pé ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ òun. Àwọn kan ní bàbá olórin náà ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.

Màmá, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ta ló máa ń pe èmi ní Kékeré?

Ẹ forí jì mí tí mo mẹ́nu kàn án. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ré bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí yín, ẹ sì ti kó fọ́tò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mo pa àṣẹ yín mọ́ títí dé ilé ọkọ. Gbogbo ohun tí ọkọ mi mọ̀ ni pé mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí kò sí mọ́. Kò mọ̀ pé kápẹ́ńtà ni. Kò mọ orúkọ tó ń pè mí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mò ń sá aṣọ lókè. Oòrùn ń ràn, inú mi ń dùn, ohùn yẹn sì ti ìsàlẹ̀ pè mí. Mo ní, "Mò ń bọ̀!" Mo sọ aṣọ sílẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo sì ti ṣí ilẹ̀kùn gbayawu kí n tó rántí pé òkú ni ẹni tí mò ń ṣílẹ̀kùn fún. Atẹ́gùn nìkan ló wọlé. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè tì í mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ kiri. Á pè mí láti inú ọkọ̀ tó ń kọjá. Á pè mí láti ojú fèrèsé ilé tí mi ò mọ onílé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi á ti máa lọ.

Ọkọ mi rí i pé mo máa ń sáré wá bí ibẹ̀ bá ti ń dún, ó rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Màmá, ẹ bá mi wo ìfẹ́ ọkùnrin! Ó ti gé ohùn yẹn jáde látinú orin, ó ti ń fi í sí fóònù àwọn èèyàn, kó lè máa dún bí ẹnì kan bá pè wọ́n, nítorí òun ni gbogbo wọn ń béèrè. Ó wá rọra fi í sí tèmi náà kí n má mọ̀, pé bí òun bá pè mí, òun ni yóò dún, kí inú mi lè dùn. Mo wà lórí ìlà ní báǹkì nígbà tó kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n mi sì ké látinú àpò mi, lábẹ́ apá mi báyìí, "Kékeré! Ṣílẹ̀kùn fún mi o. Èmi ni." Gbogbo báǹkì dáhùn, "Ó ti ṣí!" wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin wò mí, wọ́n wo òrùka ọwọ́ mi tó ń dán, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire. (Rárá o, Màmá, kò tíì sí oyún. Ẹ máa bá wa gbàdúrà.)

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Irin tó fi ń jó wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi jó tábìlì. Ó ní, "Áà! Àna mi ni mò ń gé pín kiri!" Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ ọ́. Wọn ò gbà. Onítáyà ní, "Ẹnjiníà, ṣé kò sí nǹkan o?" Ìyá onídìrí kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn ní ọkọ òun jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti pẹ́, kò padà mọ́, kò sì ránṣẹ́. Ó ní bí fóònù òun bá dún báyẹn, fún ìṣẹ́jú kan ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń fẹ́ wọlé. Ọkọ mi kò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọkọ mi ló ránṣẹ́ sí Ahọ́n-Abẹ. A ò rò pé yóò dáhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò lé gbogbo èèyàn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan fa fìlà bojú wọlé. Bó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èmi ọmọdé, lórí ilẹ̀ tútù. Màmá, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni! Ọmọ tí ẹ máa ń sọ fún pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹnu rẹ kì í rẹ̀ ọ́ ni?" Òun ni gbogbo ayé ń pè ní Ahọ́n-Abẹ.

Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan wà ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi, òun ń fi fóònù gba ohùn ara òun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ru pákó dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí, ó fi orí pákó gbá ilẹ̀kùn, ó sì pè mí. Fóònù gbà á. Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀gbọ́n mi fi kú. Ahọ́n-Abẹ ní òun ti ń gbé ohùn náà láti fóònù dé fóònù, pé òun ò lè kọrin nítorí rẹ̀, àfìgbà tí òun sọ fún ara òun pé òun yóò kọ́ ilé méjì, ọ̀kan bí ilé wa ṣe rí nígbà tó wà láyé, ọ̀kan bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá wa lọ sí ilé wa àtijọ́, wọ́n ní a ti kó lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí a wà. Ó ní, "Kí Màmá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí àwọn olólùfẹ́ mi máa bú mi lọ."

Ìdí lẹ́tà mi nìyí. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín lójijì láti àpò ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, kí àwọn èèyàn máa rẹ́rìn-ín yí yín ká. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin lẹ ó pinnu bóyá kó máa pè tàbí kó sinmi. Bí ẹ bá béèrè tèmi, ìdajì mi ń fẹ́ kó dákẹ́ kí n lè máa rìn ní títì láìbojú wẹ̀yìn. Ìdajì kejì rò pé ó kàn pẹ́ dé ni, bó ṣe máa ń pẹ́ dé níbi gbogbo, pé òun náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá síbi ìgbéyàwó mi yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà, ojú mi kò sì ní korò.

A ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, èmi, ọkọ mi, àti òun. Títí a ó fi dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹlòmíràn lọ́jà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa kí ẹ jèrè wa. Ẹ ó gbé ọmọ mi pọ̀n, ẹ̀yìn yín kò sì ní dùn yín. Ohun tó fẹ́ bà yín lẹ́rù, ẹ̀rù yín ni yóò máa bà á. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin tí ayọ̀ kò jẹ́ kó sinmi, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn,
Ìyàwó Ẹnjiníà.

Mo tún rántí: Ahọ́n-Abẹ fi gbogbo ohùn ọ̀sán ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ohun yòówù tí ẹ bá sọ nípa àwo, tiyín nìyẹn. Láàárọ̀ yìí, mo gbé e sétí. Lẹ́yìn "Èmi ni", níbi tí ó gé e sí nínú orin, ẹsẹ̀ kan ń bọ̀, wọ́n sì fa ìdè ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ohùn yín ni mo gbọ́, Màmá, ẹ ní, "Wọlé, ọmọ mi. Rọra, kí pákó yẹn má gbá ọ lórí." Mo pa á níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó fi dá yín lóhùn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún yín.