Ẹ Rán Ẹni Tí Yóò Wádìí Ọmọ Mi Wá sí Dákà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú oníyanrìn yìí, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi tí ẹ di bàbá fún mi láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín. Mo kí àwọn ìyàwó yín, ìyálé àti ìyàwó. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lóko. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwa tí a wà lájò.

A gbọ́ gbogbo ìròyìn ayọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́. A gbọ́ pé ìyàwó àbúrò mi bí ìbejì, akọ àti abo, ara ìyá sì le. A gbọ́ pé Mọ́níkà ti lọ sílé ọkọ ní Oko-Akarè, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A gbọ́ pé Dáníẹ́lì, àpọ́n tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rokà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, ti rí aya nígbà tó funfun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kí Ọlọ́run bá wa dá gbogbo wọn sí. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí mo wá láàárín àwọn tó ṣègbéyàwó, n kò rí i. Orúkọ Àbẹ̀ní ni, ọmọ ọmọ mi tí ẹ̀yin tọ́ dàgbà.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé ní gbangba. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, tí àwa ará Dahomey dá sílẹ̀ níbí, ní òun yóò tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé kékeré tí kíláàsì wa ń gbé jáde. Mo gbà fún un. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní kọ̀rọ̀ ló ń dá ilé rú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè nínú àgbàlá, kí ẹ sì mú un dé Tatonnonkon, ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe àna wa, kí wọ́n kà á níbẹ̀ náà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Bí àmì kan bá jókòó síbi tí kò yẹ, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí mi ti funfun kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di gègé mú.

Ẹ̀yin mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìwé yìí yóò dé ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n tò ó. Àlàbí ará Tatonnonkon rí Àbẹ̀ní ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà, níbi tí Àbẹ̀ní ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọkùnrin náà ní ọgbà ọ̀pẹ tirẹ̀, kì í mu ọtí yó, Àbẹ̀ní sì fẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé rẹ̀ tọ̀ yín wá, ẹ gbà wọ́n. Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mo mú fọ́tò Òjó ọmọ mi, bàbá Àbẹ̀ní, èyí tó yà pẹ̀lú aṣọ ọ̀gá ọlọ́pàá, fìlà kẹ́pì lórí, àmì ẹ̀yẹ láyà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn àna pé kí wọ́n mọ irú ilé tí wọ́n ti fẹ́ fẹ́yàwó.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò náà fún ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá Àlàbí, ó wò ó, ó dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó sì béèrè bóyá èyí náà tún wá gba owó orí ni. Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú fìlà yẹn ló wà lórí àwọn gáàdì òyìnbó tó so bàbá òun mọ́gi lójúde, tí wọ́n sì finá sí abà àwọn, ọmọ ẹni tó bá dé e kò ní wọlé òun. N kò bínú sí i. Ta ni nínú wa ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tí kò mọ ohun tó ń sọ? Èmi náà, nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ti gbọ́ ìró bàtà lójú ọ̀nà oko, inú ẹrẹ̀ ni ìyá mi máa ń gbé mi sá sí, níbi tí bàtà kò lè tẹ̀ lé wa dé.

Bàbá, ẹ ṣe ohun tó yẹ àgbà. Ẹ ní kí wọ́n lọ wádìí bí a ti ń wádìí, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni. Wọ́n sì wádìí. Wọ́n béèrè bóyá wèrè wà nílé wa, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà, bóyá olè wà. Wọn kò rí ọ̀kankan. Wọ́n béèrè èmi náà, wọ́n gbọ́ pé mo máa ń jà nídìí omi nígbà èwe mi. Òótọ́ ni. Wọ́n wá dé orí Òjó. Ní Pobẹ̀, àwọn aládùúgbò àtijọ́ rántí ọlọ́pàá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gba ẹran lọ́wọ́ ẹni tó wá fẹjọ́ sùn. Ní Àjàṣẹ́, onílé rẹ̀ àtijọ́ ní ó san owó ilé kó tó lọ. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà dí. Ọmọ mi ti rìn jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ olùwádìí lè dé lọ. Wọ́n wá sọ fún yín pé ẹni tí a kò lè bi aládùúgbò ọ̀tún àti ti òsì rẹ̀ léèrè, àjèjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín wa la ti bí i. Àwọn kò sì lè fẹ́ ọmọ àjèjì.

Mo ka ìwé tí ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí Òjó létí níbí, nínú ilé rẹ̀ ní Dákà. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo ayé òun lòun fi ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀, òun kò mọ̀ pé àwọn obìnrin Tatonnonkon ti wà lẹ́yìn òun. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ní lọ́dọọdún lòun ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá pé ẹnu ẹni kò tó ṣe ẹlẹ́rìí ẹni, ẹnu ìyá ẹni kò sì tó. Inú bí mi. Mo bi í bóyá èmi tí mo bí i ni mo wá di ẹlẹ́rìí èké. Ó ní, ìyá mi, nítorí pé ẹ bí mi náà ni. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi náà mọ ìdí tí màá so ìlẹ̀kẹ̀ mi mọ́.

Síbẹ̀, màá sọ ohun tí mo mọ̀, màá sì sọ ibi tí ìmọ̀ mi parí sí.

Òmìnira kù díẹ̀ kó dé nígbà tí Òjó wọṣẹ́. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ní Pobẹ̀, ìjà ààlà oko àti ẹran tó jẹ iṣu ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tó ń gbọ́. Ní Àjàṣẹ́ ló ti kàwé kún ìwé, tó di ẹni tí wọ́n ń fa ọ̀ràn olè àti ti ìpànìyàn lé lọ́wọ́. Òmìnira dé, ìjọba sì ń dorí kodò bí igbá tí ọmọdé ń fi ṣeré. Ó sọ fún mi pé ọ̀gá ìjọba tí òun fi ọwọ́ kan orí kí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ní kí òun wá máa ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà àhámọ́. Òun a gbé omi fún un, òun a sì kí i bí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá a wí nítorí ìkíni náà. Kò dẹ́kun rẹ̀.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè kó ènìyàn jọ láti lọ bá àwọn ará Kóńgò tún ìlú wọn ṣe lẹ́yìn ìjà, wọ́n mú Òjó mọ́ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán lọ. Ìyá Àbẹ̀ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Láti Kóńgò, wọ́n rán an lọ sí ìlú mìíràn, ó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Dákà, sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ìlú ti ń kọ́ òfin, bí a ṣe ń wá ojú ọ̀daràn àti bí a ṣe ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́. Ó wá mú mi nílé, ó ní ilé tí kò ní àgbà dà bí ilé ìtura.

Dákà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù rẹ̀ kì í sinmi. Yanrìn ń bá wa jẹun. Ilẹ̀ wọn kò dúdú, kì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí tiwa. Ó dà bí ẹni pé kò fẹ́ mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà òtútù, súwẹ́tà ọlọ́pàá Òjó ni mo ń wọ̀ sórí ìró, àwọn ọmọ àdúgbò a sì dúró gbọnrangandan kí mi bí ọ̀gá wọn. Èmi náà a dá wọn lóhùn. Àwọn Wolof, onílẹ̀ ibí, mọ ìkíni gan-an, wọ́n máa ń béèrè ará ilé, béèrè iṣẹ́, béèrè ara, títí ẹsẹ̀ yóò fi ro ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń mọ́, kò sí ẹni tó lè kì mí ní oríkì mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òjó máa ń wá jẹun. Màmá Kọmisẹ́ẹ̀, ìyẹn ìyá ọ̀gá ọlọ́pàá, ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, ẹja tí mo fi pamọ́ fún Òjó di àwátì. Mo ní kí wọ́n tò síwájú mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilẹ̀ Niger, ní gẹ́gẹ́ bí ohun tí olùkọ́ kọ́ àwọn, òun lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Mo ní kó dákẹ́ dáadáa, kó má sì la ẹnu, nítorí òórùn ẹja kò mọ òfin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa á.

Ibi tí mo mọ̀ dé nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N kò mọ ohun tí ọmọ mi rí ní Kóńgò, n kò sì mọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, kì í jókòó àfi kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n jẹun. Ọkùnrin kan wà ní òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwa, ará ilẹ̀ Fóltà, tó bá a ṣiṣẹ́ ní Kóńgò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà ní Dákà ni mo ń kí i tí mo sì ń kọjá. N kò béèrè rí. Ẹ̀rù ni.

Àwọn ará Tatonnonkon kò jẹ́ kí n lè máa kọjá mọ́. Mo sọ fún Òjó pé màá ní kí wọ́n rán olùwádìí tiwọn wá, àti pé ilé ọkùnrin yẹn ni ẹni náà yóò kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé yóò kọ̀. Ó ní ilé onígéètì búlúù ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun yóò lọ sùn sí ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá fi wà níbí, òun kò sì ní bá ọ̀rẹ́ òun sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Ó ní bí ohun kan bá sì wà tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ Àbẹ̀ní nítorí òun, kí Àbẹ̀ní náà gbọ́ ọ, ó ti dàgbà.

Nítorí náà, bàbá mi, ẹ bá mi lọ kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà Tatonnonkon. N kò ní kí ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ ní kí ó rán ẹni tí ojú rẹ̀ dá a lójú wá, kí ó sì jẹ́ obìnrin, nítorí ọkùnrin kì í wo inú ìkòkò. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni; bí òun fúnra rẹ̀ bá lè wá, yàrá mi ni yóò sùn, màá sì sùn sórí ẹní. Kí ẹni náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ú. Obìnrin kan wà ní apá òsì wa tí kì í dá wa lóhùn bí a bá kí i. Kí ó má ṣe fo ilé yẹn. Obìnrin náà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì wa kan tó ń tajà lọ́jà yóò máa túmọ̀ fún olùwádìí. Ọmọ kíláàsì náà kò mọ Òjó rí. Ohun tí olùwádìí bá gbọ́ ni kó mú relé, ì báà dùn, ì báà korò. Ẹ sọ fún Àbẹ̀ní pé kó má sunkún, kó sì má bínú sí ìyá yẹn.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Òjò ọdún yìí yóò rọ̀ síbi tó yẹ. Àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìyípadà tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ dé ojú ọ̀nà oko wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn ìbejì, ẹ kí Dáníẹ́lì pé kó fi ọwọ́ rọra mú ìyàwó.

Èmi ni ọmọ yín, Àjọkẹ́, ìyá Òjó.

Ẹni tó mú ìwé yìí wá yóò fún yín lówó. Ẹ má fi ra nǹkan kan. Owó ọkọ̀ ojú omi ni, láti Kútọnu dé Dákà, àlọ àti àbọ̀, fún ẹni tí ìyá àgbà bá yàn. Ẹ̀kọ tí mo ń sè tà fún àwọn ará Dahomey níbí ni mo fi kó o jọ; kò sí frank ọlọ́pàá kan nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan frank ni.