Mo Gbé Fóònù Ọmọ Rẹ Lọ Gba Abẹ́rẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Àrùn tó ń jà káàkiri ayé yìí kò ní mọ ojúlé rẹ, bó bá sì béèrè ọ̀nà, ẹni tí yóò júwe rẹ fún un kò ní sí nílé. Àmín.

Bàbá rẹ kí ọ. Láti ìgbà tí àrùn náà ti dá a dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò. Bó bá rìn láti yàrá dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, á jókòó, á máa mí bí ẹni tó gun òkè. Nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo ẹni tó ń bá a gbélé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kẹta, ìyẹn àfikún, torí agbára méjì àkọ́kọ́ ti ń rẹlẹ̀. Mo ti gba tèmi, àmọ́ ọmọ rẹ tí o ní kó dúró tì wá títí ilé ìwé á fi wọlé, òun ló kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọ yìí! Etí kan, ihò mẹ́ta, etí kejì, ihò mẹ́ta, imú tún ní tirẹ̀. Mo ní ṣé òwú ni wọ́n fi lu ìwọ̀nyẹn ni? Ó ní Màmá àgbà, kì í ṣe abẹ́rẹ́ lòun ń bẹ̀rù, pé àrùn yẹn kì í pa ọ̀dọ́. Mo ní ta ló bi í nípa ikú tirẹ̀, èémí bàbá àgbà là ń wí. Ó ní òun máa rò ó, ó sì kọjú sí fóònù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń jókòó sí, torí iná wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń bọ́ fóònù. Ọ̀kan ní apá á dun òun, òun ò ní lè gbá bọ́ọ̀lù, òmíràn ní òun ń wo ohun tó máa ṣe àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Àwa tá a kọ́kọ́ gbà á rèé, à ń rìn kiri níwájú rẹ̀!

Mo wá jókòó, mo rò ó dáadáa. Bí mo bá bẹ ọmọ yìí níṣẹ́, fóònù ló kọ́kọ́ ń wò, bó bá fẹ́ jẹun, á kọ́kọ́ fi oúnjẹ hàn án. Mo rí i pé fóònù ni olórí ilé, a ò sì lè fò ó dá. Nígbà tó wọ balùwẹ̀, mo fi áńkáṣíìfù mímọ́ wé e, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo tò títí ó fi kàn wá. Mo ní nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ gbà á rèé, ẹ bá mi gún un, bí kò bá sì ṣeé gún, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ìbòmú fi yọ̀ sí àgbọ̀n rẹ̀.

Kò pẹ́, ọmọ rẹ, tí ẹsẹ̀ máa ń dùn ún tí mo bá dárúkọ ibẹ̀, ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sáré dé, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọra bi í pé ta ló ní kó má gbà á. Mo ti ń múra láti bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á sókè létí gbogbo èrò pé Dádì ní méjì ti tó, pé ẹ̀kẹta wà fún àwọn ojo. Ó ní ọjọ́ tí Dádì bá gbà á lòun náà á gbà á.

Ìwọ! Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi, mi ò rí ibi fojú sí. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Ojo kẹ̀? Ṣé ìwọ kọ́ lo bu nọ́ọ̀sì jẹ nígbà abẹ́rẹ́ èéyi, tó jẹ́ èmi ni mo fi itan há ọ mọ́lẹ̀? Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, èmi aránṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, mo ń bọ̀ wá dì ọ́ mú. Má fi sínú fóònù o, mo gbọn ọ́n títí lọ́jọ́sí, ẹyọ owó kan ò jábọ́. Awakọ̀ ni kí o kó o fún.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ìyókù ti bàbá rẹ náà gùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.