Ògiri Àríwá Aldercarr: Ìgbésí Ayé Bàbá Ambrose Thurkettle (1934–2019)

Ilé oko Aldercarr, ní abúlé Hollesden ní Suffolk, ni a bí Bàbá wa, Ambrose Thurkettle, sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1934. Walter àti Edith Thurkettle ni òbí wọn. Ìran kọkànlá nìyẹn nínú ilé náà. Igi óákù ni egungun rẹ̀, amọ̀ tí a pò mọ́ koríko ni ògiri rẹ̀, ẹfun ni a fi ń rẹ́ ẹ lójú. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó há tó bẹ́ẹ̀ tí pósí ò lè gbabẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò onílẹ̀kùn fi wà nílẹ̀ iyàrá òkè. Ibẹ̀ ni a ti ń fi okùn sọ gbogbo òkú ìdílé kalẹ̀ sí ilé ìdáná.

Bàbá kúrò nílé ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà màlúù. Ní 1958, wọ́n gbé Ìyá wa, Hester Rudd, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Hollesden, níbi tí Bàbá ti lu agogo fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Nígbà òtútù ọdún 1967, ikọ́ dá Ìyá dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí ògiri àríwá ti sán wọlé. Bàbá bá po símẹ́ńtì. Bàbá-àgbà Walter kìlọ̀: "Ambrose, ilé yìí ń mí o! Má dì í nímú."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin àgbà yìí náà! Ayé ti lajú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi rí ooru."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ó dán. Ìyá pàtẹ́wọ́ fún ọkọ wọn.

Ó mà ṣe o! Omi òjò tó wọlé láti òkè kò rọ́nà jáde mọ́. Óákù tó ti dúró fún irinwó ọdún jẹrà níbi tí ojú ò tó. Ògiri ń làágùn, ikọ́ Ìyá ń le sí i. Ní 1981, a fi okùn sọ òkú Ìyá kalẹ̀ láti ihò náà.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò láyọ̀ mọ́. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi òòlù yọ símẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀, amọ̀ sì ń bá a ṣí. Bí a bá ní kí wọ́n sinmi, wọn a ní, "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Kí ògiri yìí ṣáà dúró títí n ó fi gba ihò tí Hester gbà." Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọdún méjìdínlógójì bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn.

Ọlọ́run ò dáhùn. Lóṣù kejì ọdún 2019, ògiri náà wó, ó sì kó ilẹ̀ iyàrá òkè lọ, tòun ti ihò náà. Marian, àkọ́bí wọn, mú wọn lọ sí àjà kẹsàn-án ilé gogoro kan ní Ipswich. Bàbá fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ní, "Marian, símẹ́ńtì ni." Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Marian àti Giles, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò gbé Aldercarr nínú wa. A ó wó ìyókù rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ni a fi sọ Bàbá kalẹ̀. A ká okùn ilé lé orí pósí wọn, bí kò tilẹ̀ wúlò mọ́. Ẹ dárí jì wá, Bàbá. Ẹ sùn re. Ìyá ò bínú sí yín rí.