Dòdò Ìkirè Náà Kárí

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà.

Iṣẹ́ ajíhìnrere ń lọ dáadáa lókè Ọya níbí. Bí ẹ bá rí i pé mo rù nínú fọ́tò, oòrùn ni.

Dòdò Ìkirè tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi ti dé. Ẹ ní kí n pín in fún ìjọ mi lẹ́yìn ìwàásù, ẹ sì ń bẹ̀rù pé ẹyọ mẹ́fà ò ní kárí. Ó kárí o. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó níwájú gba méjì, ọkọ rẹ̀ gba ẹyọ kan. Ìyókù ni mo fi jẹun títí di Ọjọ́bọ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì gba ayálégbé sí yàrá mi.

Èmi ọmọ yín,
Othniel